Àtúnrán

Àtúnrán ni aṣọ tí wọ́n ti rán tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tú, tí wọ́n sì rán padà kí ó lè bá ara ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ mu. Ó yàtọ̀ sí aṣọ tí wọ́n lẹ̀: ẹni tó ń lẹ aṣọ ń dí ihò, ẹni tó ń tún un rán ń yí i padà.

Bí bùbá bá ti fún mọ́ obìnrin kan ní ìlú Kétu, aránṣọ a tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti abẹ́ apá wálẹ̀, a sì fi aṣọ mìíràn sí àárín. Bí bùbá náà bá ti ṣá, aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá ló dára jù, nítorí àwọ̀ tó fẹ́ jọra ló ń tú àṣírí. Ìró tó ti gbó létí ṣì lè di ọ̀já tàbí bùbá ọmọdé.

Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ìtàn sọ pé Kétu ló ti ṣẹ̀, tí UNESCO sì kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà aráyé, ń yí aṣọ padà láìlo abẹ́rẹ́. Wọ́n á yá ọ̀já àti gèlè lọ́wọ́ àwọn obìnrin, wọ́n á dì wọ́n mọ́ ọkùnrin tó fẹ́ jó ní ìpele ìpele, títí yóò fi nídìí bí obìnrin. Bí ijó bá parí, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, oníkálukú á gba tirẹ̀. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ní ojú ìrán, nítorí náà àyálò ni, kì í ṣe àtúnrán.