Láti Ọ̀bẹ Areògún dé Ọ̀bẹ Ìmọ́lẹ̀

Agbẹ́gilére ni bàbá mi ní Òsì. Ní ọdún tó kọjá, oníbàárà kan gbé pákó tí wọ́n ti dán lọ sí ìlú ńlá kí wọ́n fi ẹ̀rọ lésà kọ orúkọ sí i. Nígbà tí ó padà dé, etí gbogbo lẹ́tà ti jóná dúdú. Bàbá mi wò ó, wọ́n ní, "Iná nìyí, kì í ṣe ọ̀bẹ." Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi wádìí: ṣé ìmọ́lẹ̀ lè gé nǹkan láì jó o?

Òsì yìí ni Areògún, tí ó kú ní 1954, ti gbẹ́ àwọn ilẹ̀kùn àti ère Ẹpa tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun. Ọmọ rẹ̀, George Bándélé, ló kọ́ Lamidi Fákẹ́yẹ níṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n ń tẹ̀lé: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fífín. Àáké ló ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ ló ń parí. Ẹni tí ó bá fi agbára àáké ṣe fífín, igi yóò là mọ́ ọn lọ́wọ́.

Irú ìṣòro yìí náà ló kojú àwọn onímọ̀ lésà. Ní 1960, Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 1961, Elias Snitzer dábàá pé kí a fi okùn dígí tín-ín-rín ṣe é. Agbára wà, ṣùgbọ́n ooru ń ràn kọjá ibi tí a fẹ́ gé. Bí a bá sì fi agbára ńlá sínú ìtànṣán kúkúrú, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ní 1985, Donna Strickland àti Gérard Mourou rí ọ̀nà àbáyọ: wọ́n na ìtànṣán náà gùn, wọ́n fi agbára kún un, wọ́n sì tún sún un kì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018.

Lónìí, lésà olókùn dígí ń lo ọgbọ́n yìí. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000,000,000, ìtànṣán kan kò pẹ́ tó ìdá kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Kí ooru tó ràn, ibẹ̀ ti gé. Òun ni wọ́n fi ń gé dígí fóònù àti ọ̀pá kékeré tí dókítà ń fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀.

Mo ka èyí fún bàbá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Fífín ni wọ́n ń ṣe yẹn."

Bàbá mi kò ní ọmọ iṣẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà, mo ń mú ọ̀bẹ lọ́dọ̀ wọn ní gbogbo Sátidé, mo sì ń ka físíìsì lálẹ́. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a pa ọ̀kan tì nítorí èkejì.