Onígun Mẹ́ta àti Àwọn Orúkọ Tó Wà Lára Rẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń bi mí bóyá èdè Yorùbá lè gba ìmọ̀ ìṣirò onígun mẹ́ta mọ́ra. Ìbéèrè tí èmi náà máa ń bi wọ́n ni pé, àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ta ló ni wọ́n?

Àwọn Gíríìkì ló ni púpọ̀ nínú wọn. Ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Krístì, Euclid kọ ìwé Elements ní Alẹkisáńdríà, ní ilẹ̀ Íjíbítì. Trígonon ni wọ́n ń pe onígun mẹ́ta, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí tiwa rárá: ohun tó ní igun mẹ́ta. Isosceles túmọ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ dọ́gba. Euclid fi hàn pé bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá dọ́gba, igun méjèèjì tó wà ní ìdí wọn yóò dọ́gba pẹ̀lú. Ó tún fi hàn pé àpapọ̀ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 180 dìgírì. Ẹ gé onígun mẹ́ta láti ara ìwé, ẹ ya igun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tò wọ́n pọ̀ ní ojú kan: ìlà gbọọrọ ni ìdí wọn yóò jẹ́. (Orí ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀, lórí ohun tó rí roboto bí bọ́ọ̀lù, àpapọ̀ náà máa ń ju 180 lọ.)

Hypotenuse ńkọ́? 'Èyí tó nà sábẹ́' ni, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igun 90 dìgírì. Bí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjèèjì bá jẹ́ 3 àti 4, òun yóò jẹ́ 5, nítorí pé 9 àti 16 jẹ́ 25. Orúkọ Pythagoras ni a fi ń pe òfin yìí, ṣùgbọ́n àwọn ará Bábílónì ti mọ̀ ọ́n ní èyí tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ ṣáájú rẹ̀. Wàláà amọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Plimpton 322, tó wà ní Yunifásítì Columbia ní New York, ti tó nǹkan bí 3,800 ọdún. 119 àti 169 wà ní ìlà kìíní rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó bá wọn lọ ni 120. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni sine. Bí a bá pín gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú onígun mẹ́ta pẹ̀lú sine igun tó kọjú sí i, ìdáhùn kan náà ni a óò rí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ará Íńdíà, irú Aryabhata tó kọ ìwé rẹ̀ ní ọdún 499, wo apá kan òbìrípo bí ọrun tí a fi ń ta ọfà. Wọ́n pe ìlà tó so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní jyā tàbí jīvā, ìyẹn okùn ọrun. Ààbọ̀ okùn náà ni wọ́n ń lò fún ìṣirò. Àwọn Lárúbáwá yá ọ̀rọ̀ náà, wọ́n pè é ní jiba, ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kà á sí jayb, tó túmọ̀ sí àyà aṣọ. Àwọn olùtumọ̀ ọ̀rúndún kejìlá wá sọ ọ́ di sinus ní èdè Látìn, tí òun náà túmọ̀ sí àyà aṣọ. Báyìí ni okùn ọrun ṣe di àyà aṣọ, kò sì sí onímọ̀ ìṣirò kan tó tìtorí rẹ̀ ṣìrò.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Sine kò sí nínú ẹ̀kọ́ ọmọdé, nítorí náà iṣẹ́ kù sílẹ̀ fún àwa tó ń kọ́ àwọn àgbà. A ní orúkọ fún okùn ọrun: ọsán. Ààbọ̀ ọsán ni èmi ń pe sine. Mo sì máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a fi àmì ohùn sí i, kí ó má baà di ọ̀sán tí oòrùn ń mú, tàbí ọsàn tí a ń mu.