Owó Kòkó: Ọwọ́ Ta Ló Yẹ Kó Wà?

Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ni ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà: bí ìjọba bá ní ká fara da ìnira lónìí kí ọ̀la lè dáa, kí ló yẹ ká bi í kó tó gba owó lọ́wọ́ wa? Èmi kì í ṣe onímọ̀ ọrọ̀ ajé. Ìtàn niṣẹ́ mi, ìtàn sì ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba títa kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ní 1947 wọ́n dá Marketing Board sílẹ̀ fún kòkó Nàìjíríà. Ní 1954 ó di ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ti Ìwọ̀-Oòrùn sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìbàdàn. Board ló ń dá iye tí wọn yóò san fún àgbẹ̀. Bí kòkó bá wọ́n lọ́jà àgbáyé, Board á san díẹ̀, á tọ́jú ìyókù. Bí ọjà bá dẹnu kọlẹ̀, á mú nínú àkójọ náà fi gbé àgbẹ̀ ró. Ṣé ẹ rí i, bí àjọ alájọ ni. Àfi pé alájọ yìí kò béèrè bóyá o fẹ́ dá àjọ, kò sì sí ọjọ́ kan tó o lè lọ bá a pé kó kó o fún ọ.

Peter Bauer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, kọ ìwé lórí òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1954. Ohun tó ń jà fún ni pé owó orí ni èyí, bí wọn ò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn gbin kòkó láìsí ìjọba tó kọ́ wọn, kí ló dé tí wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n lè fi èrè rẹ̀ ṣe?

Èsì tó wá láti Ìbàdàn kì í ṣe ti ìwé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní, 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Awólọ́wọ̀, àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé lọ́dún yẹn sì lé ní 800,000. Mo wà lára wọn. Bàbá mi ń ta kòkó, kò sì kàwé. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń ka Bauer, inú mi kì í dùn tán, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Bí wọ́n bá ti san gbogbo owó náà fún bàbá mi, ó ṣeé ṣe kó rán mi nílé-ìwé, ó sì ṣeé ṣe kó fẹ́ ìyàwó sí i. Èwo ni ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti bá a yàn?

Ibi tó dùn jù fún mi nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ní 1953, ìjọba ní kí olówó orí kọ̀ọ̀kan san ṣílè 10 àti kọ́bọ̀ 6 fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo ta! Adélabú àti ẹgbẹ́ NCNC gun orí ìbínú yẹn, nígbà tó sì di ìdìbò àpapọ̀ ti 1954, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fìdí rẹmi ní ẹkùn tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso. Ṣùgbọ́n èyí tí Board ń yọ lórí kòkó pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì, kò sì sẹ́ni tó pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n fà yọ lápò ẹni ló ń dunni. Èyí tí kò dé àpò rárá, ta ni yóò sunkún rẹ̀? Awọn olóṣèlú kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ Coker ní 1962 fi hàn pé owó Board ti ń gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan, National Investment and Properties, lọ sápò ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé ilé-ìwé nìkan ni wọ́n fi kọ́. Nígbà tí ọjà kòkó wá ṣubú lóòótọ́ ní 1965, ìgbà tí wọ́n ní torí rẹ̀ ni àwọn ṣe ń tọ́jú owó, ńṣe ni wọ́n gbé iye kòkó sókè kí ìdìbò tó dé, tí wọ́n sì gé e lulẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò. Àwọn àgbẹ̀ ò gbàgbé.

Ní 1968, Àgbẹ́kọ̀yà dìde. Wọ́n ní ṣílè 30 làwọn máa san lówó orí, òkè mẹ́fà nínú ìṣirò owó ẹyọ àtijọ́. Wọ́n ní kí wolé-wolé àti àkóda yé fìyà jẹ àwọn, kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe, kí owó kòkó gòkè. Wọn ò ní kí wọ́n ti ilé-ìwé. Ní 1969 wọ́n fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Nígbà tí apá ìjọba Adébáyọ̀ ò ká a mọ́, Awólọ́wọ̀, tó ti di kọmíṣánnà ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, ló lọ bá Táfà Adéoyè sọ̀rọ̀ nínú abúlé. Owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn 2.

Ètò Board náà wà títí di 1986, kí ìjọba Babangida tó pa á rẹ́. Wọ́n ní kí àgbẹ̀ máa ta kòkó rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Bàbá mi ti kú nígbà yẹn.