Ohun Tí Páálí Oúnjẹ Kò Sọ: Ìtàn Àléjì Ẹran

Inú ọ̀rá súìtì kan ni ìtàn tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní North Carolina. Dókítà ti ní kó má jẹ ẹran màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn mọ́, ó sì gbà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá ọmọ rẹ̀ jẹ súìtì tó ń fà bíi rọ́bà. Nígbà tó dòru, ara ń yún un, awọ rẹ̀ wú, ọ̀fun rẹ̀ ń fún pọ̀. Ilé ìwòsàn ló sùn mọ́jú. Ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹran wà nínú súìtì ni?"

Ó wà níbẹ̀. Gelatin ni wọ́n kọ sára ọ̀rá náà, awọ àti egungun ẹlẹ́dẹ̀ tàbí màlúù ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe é.

Ibo ni àléjì yìí ti wá? Lọ́dún 2004, wọ́n fọwọ́ sí oògùn jẹjẹrẹ kan, cetuximab, ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí àwọn aláìsàn kan fi ń dá kú bí wọ́n bá ti fún wọn ní àkọ́kọ́. Tennessee àti North Carolina wà lára ibi tó ti pọ̀ jù. Dókítà Thomas Platts-Mills àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Virginia wádìí, èsì wọn sì jáde lọ́dún 2008: ṣúgà kan tó ń jẹ́ alpha-gal wà lára oògùn náà, ara àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn sì ti kà á sí ọ̀tá tẹ́lẹ̀. Ṣúgà yìí wà lára màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹtu, kò sí lára èèyàn, ẹja tàbí adìẹ.

Ta ló wá dá ọ̀tá náà sílẹ̀? Eégbọn ni. Eégbọn jẹ Platts-Mills fúnra rẹ̀ nínú igbó lọ́dún 2007. Nígbà tó jẹ ẹran àgùntàn lẹ́yìn náà, òru ni ara rẹ̀ wú. Ó máa ń tó wákàtí méjì sí mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí wọ́n tó fura sí ẹran.

Ẹ wá wo ọdún yẹn o. 2004 kan náà ni Amẹ́ríkà ṣòfin pé páálí oúnjẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun mẹ́jọ tó ń fa àléjì: wàrà, ẹyin, ẹja, edé àti akàn, ẹ̀pà, èso bíi kajú, àlìkámà àti sóyà. Lọ́dún 2021, wọ́n fi yànmọtí kún un. Ẹran kò sí níbẹ̀ títí di báyìí. Nígbà tí wọ́n ń kọ òfin náà, àwọn tó mọ̀ nípa àléjì yìí kò tíì pọ̀.

Nítorí náà, bí ibi tí wọ́n kọ "Contains" sí kò bá dárúkọ ẹran, ìyẹn kò ní kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ ka gbogbo èròjà tán. Gelatin, lard tó jẹ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, tallow tó jẹ́ ọ̀rá màlúù: ẹ dá a padà sórí pẹpẹ. Bí ẹ bá rí "natural flavors", ẹ pe ilé iṣẹ́ náà, ẹ bi wọ́n léèrè. Àwọn mìíràn, wàrà pàápàá ń bá wọn jà. Ẹ má gbàgbé ike oògùn oníkápúsù, gelatin wà lára ọ̀pọ̀ wọn.

Àbúrò mi ti ń kàwé nínú ṣọ́ọ̀bù báyìí. Bó ti wù kí èèyàn tò sẹ́yìn rẹ̀ tó, kì í kánjú.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni yín tó wà lọ́hùn-ún. Ó dìgbà kan ná.