Ètò àti Ìdíje Nínú Ìmọ̀ Ifá

Ẹni tí ó bá ti wá ilé kan rí ní Mowe, ní Ibafo tàbí ní Ifo yóò gbà pé ọ̀tọ̀ ni kí ilé wà, ọ̀tọ̀ ni kí a rí i. Bí kò bá sí orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ojúlé, àlejò lè kọjá ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ̀ rí. Kí ìwé tó dé, báwo ni àwọn baba wa ṣe to ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ Ifá sínú orí, tí wọ́n sì ń rí èyí tí wọ́n ń fẹ́?

Ètò ni ìdáhùn kìn-ín-ní. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní apá méjì. Apá kọ̀ọ̀kan ní awẹ́ mẹ́rin. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Nítorí náà, ọ̀nà 16 ni apá kan lè gbà yọ. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ó di 256: ojú odù 16, láti Èjì Ogbè dé Òfún Méjì, àti àmúlù 240. Ti ọ̀tún ni a ń kọ́kọ́ pè: bí Ogbè bá wà lọ́tùn-ún, tí Ọ̀yẹ̀kú wà lósì, Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú ni. Odù ni ojúlé. Ẹsẹ ni ń gbé inú rẹ̀. Ẹsẹ pàápàá ní ètò tirẹ̀: nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1976, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá fi hàn pé ó lè ní apá mẹ́jọ.

Ìdíje ni ìdáhùn kejì, nítorí orí a máa gbàgbé. Níbi tí àwọn babaláwo bá pé jọ sí, ẹnì kan yóò máa sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù yóò sì máa jẹ́rìí sí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Bí ó bá ṣì í, wọn yóò dá a dúró lójú gbogbo àwùjọ. Ẹni tí ń bá a díje náà ni adájọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ìtìjú yìí ni kò jẹ́ kí ẹsẹ dàrú.

Ní 2005, àjọ UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn ìṣẹ̀dá ńlá tí ó jẹ́ ti gbogbo ọmọ ènìyàn. Ó yẹ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àti kọ̀ǹpútà lè pa ẹsẹ mọ́. Wọn kò lè dá ẹni tí ó ṣì í dúró. Etí tí ó gbọ́n ni ń ṣe èyí, etí bẹ́ẹ̀ sì ń dínkù bí àgbà ti ń lọ láìní ọmọ awo.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka orúkọ odù lásán bí orin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n díje láti ṣàlàyé, pẹ̀lú èso tàbí ẹfun, ìdí tí odù fi jẹ́ 256. Ẹni tí àlàyé rẹ̀ bá yé ọmọ kékeré ni kí ẹ fún ní ẹ̀bùn.