Bí Ọmọdé Ṣe Gba Ìbàdàn Lọ́wọ́ Àgbà

Nínú gbogbo ibi tí à ń kó ọmọ lọ wò ní Ìbàdàn, díẹ̀ báyìí ni wọ́n kọ́ nítorí ọmọdé. Ẹrù ni wọ́n kọ́ ibùdó réluwéè Dùgbẹ̀ fún. Ológun kan ni wọ́n fi ilé gogoro Láyípo ṣe ìrántí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ni wọ́n tìtorí wọn bẹ̀rẹ̀ ọgbà ẹranko. Cocoa House ńkọ́? Ọ́fíìsì ni. Síbẹ̀, bí ọlidé bá ti bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì tàbí Ọjọ́ Ajé, tí ará Èkó rí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbá mú, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe ń rọ́ wọ Ìbàdàn, tọmọ-tọmọ. Olùkọ́ ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Mókọ́lá ni mò ń gbé, ilé mi sì ni àwọn ẹbí máa ń já ẹrù sí.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ bá mi ṣètò Ìbàdàn fún àwọn ọmọ yìí," àbúrò mi wí lórí fóònù nígbà tí Àjíǹde ń bọ̀. Ó ti kọ ibi méje sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ àkọ́bí rẹ̀ ò tíì pé ọdún mẹ́jọ, àbíkẹ́yìn sì wà nídìí oorun ọ̀sán. Mo ní kó yọ mẹ́rin kúrò. Ó ní kí n yọ èyí tó bá wù mí, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan réluwéè.

Mo mọ ibi tó ń lọ. Bàbá wa ṣe akọ̀wé ní Réluwéè, páàsì òṣìṣẹ́ ni wọ́n sì fi máa ń kó wa jáde ní ọlidé. Àwọn tó tẹ́ irin náà kò ro tiwa mọ́ ọn. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Iddó, ó sì di oṣù kẹta ọdún 1901 kó tó dé Ìbàdàn. Epo, ekuro àti òwú ni ìjọba òyìnbó fẹ́ kó lọ sí etíkun, wọ́n sì tún ń wá ọ̀nà tí sójà á fi tètè wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Èrò kàn bá ẹrù wọlé ni. Ìyá mi ò bìkítà fún òwú; ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni ká má ra nǹkan jẹ títí a ó fi dé Láfẹ́nwá, torí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti máa ń dúró pẹ́ tó kí èèyàn lè ná ọjà. Àwọn ọlọ́jà á na ọpọ́n sókè dé ojú fèrèsé, a ó na owó sílẹ̀, wọn ó na ẹ̀kọ àti ẹja díndín sókè. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí kí ṣéńjì tó dé, ọlọ́jà náà á máa sáré tẹ̀ lé wa. Mi ò rí èyí tó sá lọ pẹ̀lú owó rí.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló gba gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ wa. Wọ́n ṣí i ní 1978, ẹni tó bá ní mọ́tò kò tún rí ìdí tó fi yẹ kóun máa dúró de réluwéè tí kì í mọ àkókò. Lẹ́yìn náà ni márosẹ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ wá di ibi tí ọmọ ti ń sun oorun mẹ́ta kí wọ́n tó kọjá Mówé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí réluwéè tuntun, kìlómítà 157, láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta sí Mọ́níyà. Ó yá, ó mọ́, ọmọdé sì lè rìn nínú rẹ̀. Àléébù kan ló ní: Mọ́níyà kì í ṣe Dùgbẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, takisí Micra ni ẹ ó wọ̀ wọ ìgboro. Ẹ sanwó gbogbo ìjókòó, kí wọ́n má bàa fún àwọn ọmọ mọ́ àpò gààrí ẹlòmíì.

Láyípo kò ṣeé yọ. Lórí Òkè Àárẹ̀ ló wà, 1936 ni wọ́n parí rẹ̀, Taffy Jones tó kọ́ gbọ̀ngàn Mápó náà ló yàwòrán rẹ̀. Captain Bower ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ lédè òyìnbó, òyìnbó àkọ́kọ́ tí ìjọba Èkó fi ṣe Ajẹ́lẹ̀ sí Ìbàdàn lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1893. Ọkùnrin yìí kan náà ló yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, nígbà Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, mi ò jẹ́ kí kíláàsì kankan gun òkè náà láìgbọ́ èyí. Àwọn ọ̀gá mi kan rò pé ó wúwo jù fún ọmọdé. Èmi ò gbà. Ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ tí ìjàpá ti ń kú ikú ẹ̀sín á gbọ́ ti Bower. Kí a sòótọ́, àtẹ̀gùn ló jẹ wọ́n lógún jù. Wọ́n á máa kà á bí wọ́n ṣe ń yípo gùn ún, iye tí kálukú bá sọ kì í sì í bára mu, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá dé òkè, tí wọ́n rí páànù pupa lọ títí tí ojú ò lè tó o mọ́, ìjà á parí.

Ní 1948, ọdún tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀, ni ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ẹranko ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko jọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú rí ohun tí ìwé ń wí. Ó di ọgbà ẹranko gidi ní 1974. Nígbà yẹn, kò sí ọmọ ilé-ìwé tó lọ tí kò ní darí délé wá ròyìn Aruna àti Imade, àwọn ìnàkí méjì tí òkìkí wọn kàn dé Èkó. Mo kó kíláàsì kan lọ nígbà kan. Ọmọkùnrin kékeré kan dúró síwájú àgò, ó wo ọ̀kan nínú àwọn ìnàkí náà bó ṣe ká apá mọ́ra, tí kò wojú ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà bá dọ̀bálẹ̀: "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá." Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Àwọn ìnàkí náà ti kú, kìnnìún àti ọ̀nì ni àwọn ọmọ ìsìnyí ń bèèrè.

Ọgbà Agodi, 1967 ni tiẹ̀, ẹranko pọ̀ níbẹ̀ kí omíyalé Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tó gbá púpọ̀ nínú wọn lọ. Ìjọba tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní 2014. Koríko àti òjìji ni mo fi yàn án fún ọ̀sán Àìkú: àbíkẹ́yìn á rí ibi sùn, ìyá rẹ̀ náà á rí ibi na ẹsẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe tò ó ránṣẹ́ sí i: Ọjọ́ Ẹtì, réluwéè nìkan, kí wọ́n jẹ àmàlà, kí wọ́n sùn. Òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, Láyípo, kí oòrùn tó mú. Ọgbà ẹranko tí ọwọ́ bá rọlẹ̀. Agodi ní ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé, kí wọ́n máa lọ.

Ó pè mí padà láìpẹ́. "Cocoa House ńkọ́, Bùrọ̀dá mi? Ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!"

Mo ní wọ́n ṣí i ní 1965, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò sí èyí tó ga tó o ní Nàìjíríà nígbà náà, iná jó o ní 1985, ó di 1992 kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kó sọ gbogbo èyí fún àwọn ọmọ náà nínú Micra, kí dẹ́rẹ́bà má dúró.