Ìdílé Lágelú Lẹ́yìn Ogun: Láti Òkè Awótán dé Ojúbọ Ọ̀ṣẹ́ Méjì

Àlejò tí ó bá wọ̀ sí Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀ fún ọdún yìí lè gba ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé lọ sí Apẹ̀tẹ̀, kí ó sì dé Awótán. Òkè tí ó wà níbẹ̀ ni ìdílé kan sá gùn nígbà tí ogun pa ìlú wọn rẹ́.

Lágelú, jagunjagun ọmọ Ilé-Ifẹ̀, ni ó tẹ Ẹ̀bá Ọ̀dàn dó ní ààlà igbó àti ọ̀dàn. Àwọn àgbà kò fi ẹ̀ṣẹ̀ ìlú náà pamọ́. Wọ́n ní aṣọ bọ́ lára egúngún kan láàárín ọjà, àwọn obìnrin àti ọmọdé sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, gbọ́, ó pàṣẹ pé kí ogun pa ìlú náà run. Lágelú ti di arúgbó nígbà náà.

Èso òro àti ìgbín ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ lórí òkè. Nígbà tí wọ́n dá oko, tí àgbàdo sì jáde, ìkarahun ìgbín ni wọ́n fi ń mu ẹ̀kọ. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ìbá bo irú ìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn wọ̀nyí sọ ọ́ di oríkì, òun ni a sì fi ń ki Ìbàdàn títí di òní. Òkè tí ó bò wọ́n láṣìírí di ìyá tí wọ́n ń bọ lọ́dọọdún ní oṣù Ẹrẹ́nà.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó. Ogun Òwu tún da agbègbè náà rú, nígbà tí ó sì di nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ ti fi Ìbàdàn ṣe ibùdó. Máyẹ̀ Okùnadé ará Ifẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe olórí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agbára bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Ọ̀yọ́, tí Baṣọ̀run Olúyọ̀lé wà lára wọn. Ìṣàkóso ìlú bọ́ lọ́wọ́ ìdílé Lágelú. Ìbọ òkè kò bọ́. Ìdílé Abọ̀kè, tí wọ́n ń ka ara wọn sí àrọ́mọdọ́mọ Lágelú, ni àwòrò rẹ̀ di ìsinsìnyí, àwọn ọmọ àwọn tí ó fi ogun wọ ìlú sì ń bá wọn ṣe ọdún náà.

Àwọn olùfọkànsìn Ifá yóò fẹ́ mọ̀ pé orúkọ odù ni ojúbọ Ọ̀ṣẹ́ Méjì ní Ọjà'ba ń jẹ́. Ibẹ̀ ni Olúbàdàn tuntun máa ń lọ ṣe ètùtù kí wọ́n tó dé e ládé.

Ní ti ọjọ́ ọdún òkè, òfin àtijọ́ ni pé èéfín kì í rú nílé ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ tútù ni gbogbo ìlú ń jẹ.